Ẹ Yé Tú Gáàdì Gíráńdà: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Gé Táìlì

Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní àdúgbò Under G àti Adéníkẹ̀ẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ kò níye mọ́, ẹni tó bá sì ti ra gíráńdà, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń fi dísìkì gé nǹkan, ti di ọ̀gá táìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi.

Èkíní: dísìkì irin kọ́ la fi ń gé táìlì. Dísìkì dáyámọ́ǹdì ni.

Èkejì: ẹ wo ẹnu dísìkì náà yíká kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àlàfo, ti búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni. Yóò bu etí táìlì yín jẹ ni. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dán yíká ni tiwa.

Ẹ̀kẹta: kọ́tà ọlọ́wọ́, èyí tí a fi ń fa ilà sára táìlì ká tó ṣẹ́ ẹ, tó kúrú. Ẹ ń lẹ táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, ẹ lọ ra kọ́tà sẹ̀ǹtímítà 40 torí pé ó dínwó. Láti igun dé igun, bíi sẹ̀ǹtímítà 85 nìyẹn o! Ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni kẹ́ ẹ fa ilà, ẹ má padà síbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni gáàdì, irin tó bo dísìkì lára gíráńdà. Ẹ ní gíráńdà ínṣì 4½ kò wọlé jinlẹ̀ tó, ẹ tú gáàdì dànù, ẹ ki dísìkì ínṣì 7 bọ̀ ọ́. Táìlì tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ! Ṣé àpáta lẹ fẹ́ gé ni? Ẹ ka ara dísìkì: ti ínṣì 7, bíi 8,500 ni wọ́n máa ń kọ sí i pé kó má yí jù láàárín ìṣẹ́jú kan. Gíráńdà kékeré yẹn ń sáré tó 11,000. Tí ẹnu rẹ̀ kan bá já, ojú ta ni yóò bà?

Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan ní Sábó, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà ti lójo jù." Mo ní òótọ́ ni, ojo náà ni kò jẹ́ kí ìka tí mo fi ń jẹ àmàlà dín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dísìkì há, ẹ̀rọ ta padà, ó ya ṣòkòtò rẹ̀ láti orúnkún dé itan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò kan ara. Ló bá ń tú ìdọ̀tí kiri, ó ń wá gáàdì tó ti jù nù.

Àti omi. Ta ló ní kí ọmọ iṣẹ́ máa bu omi sórí gíráńdà tí iná wà lára rẹ̀? Ẹ̀rọ tó ní àwo omi lábẹ́ wà fún ìyẹn. Tí kò bá sí, ẹ gé e ní gbígbẹ, níta, kẹ́ ẹ bo imú dáadáa. Eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, mílíìkì tí ẹ ń mu lálẹ́ kì í fọ̀ ọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni iná: gíráńdà ńlá ti ínṣì 9 máa ń jẹ iná tó wáàtì 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ fi ń wo tẹlifíṣàn kò lè gbé e, ẹ má gbé e wá bá mi pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.