Ẹ má ṣẹ́ aṣọ ìpolongo ìbò yín po

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní aṣọ ìpolongo ìbò àtijọ́ lọ́wọ́, irú aṣọ ìnujú pupa tí wọ́n fi polongo fún Theodore Roosevelt tó ń du ipò ààrẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1912, ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣẹ́ ẹ po sínú àpótí. Ojú ìṣẹ́po yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já. Tèmi ti là gba imú olóṣèlú tí àwòrán rẹ̀ wà lára aṣọ náà kọjá! Ẹ wá páálí gbọọrọ tó rí róbótó, ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì bò ó, kí ẹ wá rọra yí aṣọ náà mọ́ ọn, kí àwòrán kọjú síta. Ẹ má sì fọ̀ ọ́ o. Àwọ̀ pupa máa ń yọ, á sì ran ibi funfun. Ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á ṣá a.