Bí mo ṣe gba owó ìwádìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ l'Ékìtì, tí owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí run

Owó ìwádìí ni mo ń wá. Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ tán lápò mi. Yunifásítì kan l'Ékìtì ni mo ti ń kọ́ni. Mo fẹ́ mọ iye bàbà (copper) tó ti wọ ilẹ̀ oko kòkó látinú oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n kí èso má baà jẹrà di dúdú. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń fúnni lówó ìwádìí dá ìwé mi padà: níbo ni n ó ti rí ẹ̀rọ tí n ó fi yẹ erùpẹ̀ wò? Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. AAS tiwa, ẹ̀rọ tó ń wọn bàbà nínú erùpẹ̀, ti di ilé aláǹgbá.

Kíkọ àbá kò le. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá mi dúró: kí ilé ìwádìí kan n'Ìbàdàn gbà pé n ó lo ẹ̀rọ wọn.

Mo fi í-meèlì mẹ́fà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó fèsì. Mo wọkọ̀ l'Ádó ní ìdájí. Akọ̀wé ní, “Dókítà, ẹ má bínú, ọ̀gá ti lọ Àbújá. Ẹ padà wá l'Ọ́jọ́bọ̀.” Mo padà lọ l'Ọ́jọ́bọ̀: ọ̀gá wà, ìwé olórúkọ iléeṣẹ́ ló tán. Ìgbà kẹta, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, àfi bí mo ṣe kà á tí mo rí i pé orúkọ yunifásítì ẹlòmíràn ni wọ́n kọ síbẹ̀! Mo jókòó ti akọ̀wé títí wọ́n fi tún un tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni n'Ìbàdàn gun ọ̀kadà lọ gba tirẹ̀, ó sì ti padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, wà lọ́dọ̀ wọn láti 1967, CRIN, ilé ìwádìí kòkó, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, NIHORT, ti èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìdí-Iṣin. Tiwa ni oko kòkó.

Ẹnìkan ní kí n yé fi ìlú ṣe àwáwí: ṣebí Ẹdẹ ni ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àrùn ti Redeemer's University, wà tí Báńkì Àgbáyé fi fún wọn lówó, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ka jíìnì kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2020. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní alábàáṣiṣẹ́ ní Harvard. Nọ́ńbà akọ̀wé nìkan lèmi ní.

Lẹ́tà yẹn ló gbé mi wọlé. Wọ́n gé owó náà sí ìdajì, síbẹ̀ orúkọ mi jáde, mo sì fi han ìyá mi. Bí ọ̀nà yín bá jìn, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ tẹ lẹ́tà náà fúnra yín, kí wọ́n kàn buwọ́ lù ú. Kí ẹ sì kọ owó ọkọ̀ mọ́ ìnáwó. Èmi ò rántí. Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó gbé àpò erùpẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn, owó oṣù mi ni n ó sì fi wọkọ̀.