Èrúnrún Ọ̀rá Nínú Odò àti Ìkarahun Ìṣáwùrú: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ilé-Ifẹ̀

Tí omi Ọ̀pá bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan létí odò, èyí tí apá kan rẹ̀ wà nínú omi tí apá kejì ń sá sóòrùn. Apá tó wà nínú omi á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ẹ sì lè bá ìṣáwùrú kan tàbí méjì lórí rẹ̀ tí wọ́n ń họ ewédò jẹ. Ẹ wá fi ìka méjì fún apá tí oòrùn ti pa. Á rún mọ́ yín lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Ohun tó rún yẹn là ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn á gbó o, ọ̀gbàrá á fọ́ ọ, á di èrúnrún. Èyí tí kò bá tó mìlímítà 5, tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic. Ojú lásán kò lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ pọ́líẹ́sítà tí à ń fọ̀ náà ń já fọ́nrán sínú omi, táyà ọkọ̀ sì ń jẹ mọ́ ojú títì. Òjò ló ń gbá gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, gọ́tà a sì gbé e fódò. Lọ́dún 2019, onímọ̀ kan láti Yunifásítì Obafemi Awolowo níbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì tẹ ìwádìí jáde pé àwọn rí èrúnrún ike nínú ìṣáwùrú odò Ọ̀ṣun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè.

Ahọ́n ìṣáwùrú rí bíi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá. Ohun tó bá wà lójú òkúta ló ń họ, kò ráyè ṣàṣàyàn. Ó ń yàgbẹ́ díẹ̀ lára ike náà jáde, ṣùgbọ́n èyí tó kù ń gba àyè oúnjẹ nínú ìfun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ilé tó ń gbé. Kálísíọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le) inú omi àti inú oúnjẹ ló fi ń mọ ọ́n, díẹ̀díẹ̀, létí ẹnu ìkarahun. Iṣẹ́ agbára ni. Tí kò bá jẹun kánú, kò ní í dàgbà bó ti yẹ, ìkarahun náà á sì fẹ́lẹ́, tí akàn á fi tètè fọ́ ọ. Nínú àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe, irú ìṣáwùrú kan a máa jìyà rẹ̀, òmíràn kò sì mira. Ó wà lọ́wọ́ irú ike náà àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀rá o. Tí ṣóńṣó ìkarahun bá funfun tó sì dá kòtò kòtò, ó lè jẹ́ pé omi ibẹ̀ ní ásíìdì, tàbí pé kálísíọ̀mù rẹ̀ kò tó.

Ní oko, ọ̀rá dúdú tí a fi ń gbin ọmọ kòkó ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ wa á gún ìdí rẹ̀, a ó sì ri òun àti igi mọ́lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi bíléèdì là á, ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ kó o sápò, kó bá yín délé. Àpò ajílẹ̀ tó ti ń tú fọ́nrán, ẹ má fi bo nǹkan létí omi mọ́. Ike oògùn apakoríko, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta sínú táńkì tí ẹ fi ń fín oògùn, ẹ dá ihò sí i lára. Ẹ má ṣàn án lódò láé: ike á pẹ́ kó tó pa ìṣáwùrú lára, oògùn kì í pẹ́. Ẹ má sì sun ọ̀rá. Èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí kò jóná tán ṣì ń bá òjò lọ. Àwọn tó ń ra ike àlòkù ń kiri àdúgbò. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dè wọ́n.

Nílé, ẹ da omi ìfọṣọ sórí ilẹ̀ tó jìnnà sí gọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa ìṣáwùrú jẹ, ẹ lọ sí òkè odò, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ibi tí gọ́tà tàbí ààtàn ń ṣàn sí. Ẹ wọ bàtà òjò, torí irú ìṣáwùrú kéékèèké kan wà tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Tí ẹ bá délé, ẹ kó wọn sínú abọ́ tánńganran pẹ̀lú omi tó mọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ó rí ìgbẹ́ wọn nísàlẹ̀ abọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀gbin ìfun ń bá a jáde. Ẹ sè wọ́n jinná dáadáa nítorí aràn. Tí ẹ bá ti fa ẹran jáde, ẹ gé ìfun dúdú tó ká jọ lẹ́yìn rẹ̀ dànù, torí ibẹ̀ ni ike ń kó sí jù. Tí ẹ bá fẹ́ lọ ìkarahun fún adìẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ.