Ẹ̀yin tó ń lọ sí Hawaii, ẹ gbọ́ ti luau

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń lọ lo ìsinmi ní Hawaii, ẹ má kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì luau (àpèjẹ ìbílẹ̀ wọn, toúnjẹ tijó) àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ béèrè bóyá inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní imu ni wọ́n ti ń se ẹlẹ́dẹ̀ wọn, àti aago mélòó ni wọ́n ń hú u jáde. Ẹ tètè débẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Lójú tèmi, òun gan-an ni àríyá.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹja àti adìẹ sábà máa ń wà, àmọ́ ẹ ṣọ́ laulau tí wọ́n fi ewé kókò wé, ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Poi ò lè ṣàjèjì sí wa: kókò ni wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n fomi pò. Ó máa ń kan díẹ̀ bó bá ti sùn. Ẹ fi ẹran oníyọ̀ jẹ ẹ́, ẹ má kàn tọ́ ọ wò lásán kẹ́ ẹ ní kò dùn.

Ijó ọ̀bẹ oníná tí wọ́n máa ń jó ní luau, ti Samoa ni o, kì í ṣe ti Hawaii. Bó bá jẹ́ hula, ijó ìbílẹ̀ Hawaii gan-an, lẹ fẹ́ wò, ẹ ka ètò wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ọlọ́tí, wọn kì í ta ọtí ní Polynesian Cultural Center ní Laie, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe luau.