Agogo Lù, A Gun Òkè

Aago méje òwúrọ̀ ni agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ bọ̀rọ̀. Mo ṣebí ilé kan ló ń jóná. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti ń fò sókè: "Mountain Day ni o! Kò sí kíláàsì lónìí!"

Ilé ẹ̀kọ́ gíga Mount Holyoke nìyẹn, ní South Hadley, ìpínlẹ̀ Massachusetts, l'Amẹ́ríkà. Mountain Day ni ọjọ́ tí a máa ń pa kíláàsì tì, tí a sì ń lọ gun òkè. Wọn kì í sọ ọjọ́ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan ṣáájú. Ìgbà tí ewé igi bá ń pọ́n la máa ń fojú sọ́nà. Àwọn kan tilẹ̀ fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ dè é. Èmi ṣe tèmi, ọmọ olùkọ́ ni mí.

1837 ni Mary Lyon dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, 1838 ni òkè gígun yìí sì bẹ̀rẹ̀. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ìwé kíkà yóò ba ara obìnrin jẹ́, ìyá yìí ní kí àwọn ọmọ òun máa fẹsẹ̀ rìn dáadáa. Aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ. Èmi tí mo wọ ṣòkòtò ló ń ráhùn.

Kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ni mo wọ̀, àṣìṣe mi nìyẹn. Òkè ọ̀hún, tí òun àti ilé ẹ̀kọ́ wa jọ ń jẹ́ Mount Holyoke, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000, mo sì ti ń fọ́nnu pé èmi tí mo ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600! Ṣùgbọ́n Ìdànrè ní irin tí èèyàn lè dì mú. Níbí, gbòǹgbò àti òkúta ni, ewé tí ìrì ti sẹ̀ sí bò wọ́n. Níbi tí ọ̀nà ti yà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yọ̀, mo fìdí janlẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fà mí dìde: "Orí òkúta ni kó o máa tẹ̀, má tẹ ewé."

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí mo fi dé òkè, níbi tí ilé funfun kan wà. Nísàlẹ̀, odò Connecticut tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ayàwòrán kan, Thomas Cole, ti ya ibẹ̀ sínú àwòrán ní 1836. Atẹ́gùn ń gé wa létí, áísìkíríìmù ni wọ́n sì ń bù fún wa. Mo gba ìlọ́po méjì.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde fi fọ́tò ránṣẹ́: òun náà ń lá áísìkíríìmù ní ìlú tó wà, ní aago 6:37 ìrọ̀lẹ́ gan-an. 18:37, bí ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀, ẹ rí i? Mo fẹ́ fèsì, àmọ́ ìdí ń ro mí.