Gìtá àtijọ́ mi ò kùn bí eṣinṣin mọ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí gìtá kékeré ayé 1890 tí mo rà ní Chicago fi ń dún zzzz bí eṣinṣin inú ìgò, mo ti rí i o. Fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo fi gbogbo Sátidé yẹ̀ ẹ́ wò, òfo. Ìgbà tí mo wá ń fi ìka kan ojú pákó ẹ̀ ni mo gbọ́ tí ibì kan ń dún bí àpótí tó ti là, mo ti dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì bọnú ihò ẹ̀, àṣé ọ̀kan nínú àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ojú ẹ̀ ró ló ti ṣí, bébà wọ abẹ́ ẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ má fi super glue sí i o, ẹ jọ̀ọ́! Gọ́ọ̀mù awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ látilẹ̀, omi gbígbóná máa ń tú u, ni mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ti àtijọ́ kúrò, mo tún fi irú ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, mo fi clamp dì í mú fún wákàtí 24. Ọwọ́ tèmi ò wọ ihò yẹn, ìyàwó mi ló bá mi ṣe é.

Okùn irin tẹ́nì kan so sí gìtá náà ló fà á tí igi yẹn fi ṣí, okùn ìfun ẹran ni wọ́n ṣe é fún. Nylon ló wà níbẹ̀ báyìí.