Lílo Lẹ́ńsì Kámẹ́rà Fíìmù Ńlá Lórí Kámẹ́rà Dìjítà Kékeré
Lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà fíìmù 6×6 (tí àwòrán rẹ̀ lórí fíìmù fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà níbùú àti lóròó), irú bíi Pentacon Six, máa ń jìnnà sí fíìmù rẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 74, nígbà tí ẹnu kámẹ́rà dìjítà Sony E, níbi tí lẹ́ńsì ti ń so mọ́ ọn, kò jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dípò fíìmù) ju mìlímítà 18 lọ. Àlàfo yìí ni òrùka ìsopọ̀ ń dí, kò sì nílò gíláàsì kankan nínú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó, ẹ pàṣẹ fún kámẹ́rà pé kí ó máa ya àwòrán bí kò tilẹ̀ dá lẹ́ńsì náà mọ̀.

Àárín àwòrán nìkan ni sẹ́ńsọ̀ kékeré ń mú, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń hàn kedere jù, èyí tí mo fẹ́ràn gan-an. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù a máa kọlu ara òrùka nínú, a sì ta padà sórí sẹ́ńsọ̀, títí ohun tó dúdú nínú àwòrán yóò fi rí bí eérú. Ẹ fi aṣọ àrán dúdú tẹ́ inú òrùka náà, kí ẹ sì fi ìbòòrùn sẹ́nu lẹ́ńsì. Ọwọ́ ni ẹ ó fi yí lẹ́ńsì títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere. Kí ẹ tó yí i, ẹ kọ́kọ́ sọ àwòrán náà di ńlá lójú kámẹ́rà.